Fíréèmù full suss: bẹ́ẹ ṣe máa yan èyí tó bá yín mu, kówó yín má bàa wọgbó

Ìbéèrè lórí fíréèmù full suss, ìyẹn kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní ṣọ́ọ̀kù níwájú àti lẹ́yìn, kì í tán. Ẹnì kan á fi fọ́tò fíréèmù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, á ní "ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á, wọ́n ti já a wálẹ̀ láti £2,000 sí £900", kò ní sọ bóun ṣe ga tó, kò ní sọ ibi tóun ti ń gun kẹ̀kẹ́, kò ní sọ irú wíìlì tó wà nílé, àwọ̀ fíréèmù yẹn nìkan ló mọ̀. Mi ò lè dá èèyàn lóhùn lórí àwọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe to gbogbo ẹ̀ síbí, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ẹ má sì fo ìgbésẹ̀ kẹta torí òun ló ń jẹ owó jù.

Àwọn tó ń bi mí, ìlú ọba ni púpọ̀ nínú wọn wà, Essex, Birmingham, Manchester, Leeds, torí náà ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Fíréèmù lásán náà ni mò ń sọ o, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ àti ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, ìyókù ẹ̀yin lẹ máa tò ó sí i lára.

Kẹ́ẹ tó ṣí fọ́tò kankan

Ẹ mú bírò, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

- Bẹ́ẹ ṣe ga tó láìwọ bàtà, ní sẹ̀ǹtímítà
- Bẹ́ẹ ṣe wúwo tó pẹ̀lú báàgì, omi àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì (kì í ṣe ìwọ̀n ọdún 2015 o)
- Ibi tẹ́ẹ ti ń gun jù lọ, kì í ṣe ibi tẹ́ẹ rí lórí YouTube
- Gbogbo pááàtì tẹ́ẹ fẹ́ tú lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gbé wá sórí tuntun
- Gbogbo owó tẹ́ẹ lè ná. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ sọ́tọ̀, torí headset (bíárìn tí fọ́ọ̀kì ń yí lé), BB (bottom bracket, ibi tí ọ̀pá kíránkì ti ń yí), bíárìn, kébù àti owó mẹkáníìkì ń bọ̀ wá bá yín dandan

Ìgbésẹ̀ 1: Ilẹ̀ tẹ́ẹ ń gun ló máa sọ travel

Travel ni bí wíìlì ẹ̀yìn ṣe lè gòkè tó nígbà tó bá já lu òkúta tàbí gbòǹgbò igi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pín in:

- 100 sí 120 mm: XC, ìyẹn cross-country. Ó fúyẹ́, ó mọ òkè gùn. Head angle ẹ̀ (bí páìpù iwájú tí fọ́ọ̀kì gbà kọjá ṣe dagun tó, ní degree) sábà ń wà láàárín 66 sí 69.
- 120 sí 150 mm: trail. Ibí ni púpọ̀ nínú wa wà, bá a gbà bá a kọ̀. Head angle bíi 64.5 sí 66.5.
- 150 sí 180 mm: enduro. Fún ìsọ̀kalẹ̀ tó dagun tó sì kún fún òkúta. Head angle bíi 63 sí 64.5.
- 200 mm: downhill. Èyí, èèyàn kì í fẹsẹ̀ wà á gòkè, ọkọ̀ tàbí lift ló ń gbé e lọ sókè.

Bí head angle bá ṣe ń kéré sí i ni táyà iwájú ń na ara ẹ̀ síwájú sí i, kẹ̀kẹ́ á dúró gbọn-in tẹ́ẹ bá ń sáré sọ̀kalẹ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá ń rọra gun òkè ní kọ̀rọ̀ tóóró, á máa ya gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sí yín lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń rí jù ni pé ẹnì kan á máa gbé ní Chigwell, Epping Forest ló ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á wá lọ ra 170 mm torí pé ó rí i lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń fò gálégálé lórí fídíò. Kò sí ohun tí 170 ń wá ní Epping. Ẹ kàn máa ru ẹrù kiri ni, gbogbo agbára tẹ́ẹ bá fi sí pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ á máa rì lábẹ́ yín bíi bẹ́ẹ̀dì fóòmù. Fún Epping, Swinley Forest àti Cannock Chase, 120 sí 130 ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Peak District àti Glentress, ẹ lè wo 130 sí 150. Tó bá jẹ́ BikePark Wales ní Merthyr Tydfil lẹ̀ ń lọ lóòrèkóòrè, tẹ́ẹ sì ń bọ́ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ dúdú sàmì sí, 150 sí 160 yẹ yín. Ti Fort William lójú ọ̀nà downhill wọn, ẹ yá kẹ̀kẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀ jàre.

Tẹ́ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ mú èyí tó kéré. Fíréèmù 130 mm tí geometry ẹ̀ (bí igun àti gígùn páìpù ẹ̀ ṣe rí) dáa ń sọ̀kalẹ̀ ju 160 mm àtijọ́ tí head angle ẹ̀ jẹ́ 68 lọ, mo sọ ọ́, mi ò ní kó o jẹ.

Ìgbésẹ̀ 2: Size, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ kẹ́ẹ wo nọ́ńbà

M ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L lọ́dọ̀ òmíràn. Ẹ ṣí geometry chart, ẹ wá reach. Reach ni ìwọ̀n láti àárín BB lọ síwájú dé ọ̀gangan òkè head tube, ìyẹn páìpù iwájú tí fọ́ọ̀kì gbà kọjá, òun ló ń sọ bí àyè ṣe máa gbà yín tó tẹ́ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì, bẹ́ẹ̀ orí ìdúró lẹ máa wà ní gbogbo ibi tó bá le. Fún fíréèmù trail òde òní, ẹ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀:

- 160 sí 168 cm: reach 420 sí 445 mm
- 168 sí 178 cm: 445 sí 470 mm
- 178 sí 186 cm: 470 sí 495 mm
- 186 cm sókè: 495 mm lọ sókè

Kì í ṣe òfin Mósè. Ẹni tí apá ẹ̀ gùn lè lọ sókè díẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó ń yí kíákíá lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ti ní kẹ̀kẹ́ kan tó bá yín lára mu, ẹ wọn tiẹ̀ kẹ́ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n:

1. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ẹ fi táyà ẹ̀yìn kan ògiri, kí ẹnì kan bá yín dì í mú kó dúró ṣánṣán.
2. Ẹ wọn láti ògiri dé àárín BB.
3. Ẹ wọn láti ògiri dé ọ̀gangan àárín òkè head tube, kí tépù wà ní ìbú, kó má dagun.
4. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Reach yín nìyẹn.

Stack ni bí head tube ṣe ga tó láti BB. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó wá stack tó ga. Ó tún ku seat tube, páìpù tí ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀. Gígùn ẹ̀, ẹ wò ó dáadáa tí ẹsẹ̀ yín ò bá gùn, torí seat tube tó gùn jù ò ní jẹ́ kí dropper (ọ̀pá ìjókòó tẹ́ẹ lè sọ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́) 170 tàbí 200 mm wọlé tán. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ihò ẹ̀ ṣe jìn tó kó tó tẹ̀, insertion depth lorúkọ ẹ̀ lórí chart.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí pááàtì yín àti fíréèmù gbọ́ ara wọn

Fíréèmù £400 tó máa ní kẹ́ẹ pààrọ̀ wíìlì, fọ́ọ̀kì àti kíránkì, £400 kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ mú tépù tàbí caliper, kẹ́ẹ lọ bá kẹ̀kẹ́ yín ní gáréèjì báyìí.

1. Wíìlì ẹ̀yìn. Ẹ wo axle, ọ̀pá tó gba àárín wíìlì kọjá. Boost jẹ́ 148 mm, ọ̀pá 12 mm, òun ló wọ́pọ̀ jù lónìí. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ 142, ti àtijọ́ gan-an tó ń lo quick release jẹ́ 135. SuperBoost wà tó jẹ́ 157. Wíìlì 142 ò kàn ń wọ fíréèmù 148 bẹ́ẹ̀, àdábítọ̀ wà lóòótọ́ àmọ́ ẹ máa gbé rotor (àwo búréèkì) kúrò níbi tó wà, ẹ tún lè ní láti fa rímù padà sáàárín, owó mẹkáníìkì nìyẹn. Kẹ́ẹ wá rò pé ẹ máa ki 148 bọ inú fíréèmù 142? Ẹ má dán an wò.

2. Bí wíìlì ṣe tóbi tó. 29, 27.5, tàbí mullet, ìyẹn 29 níwájú, 27.5 lẹ́yìn. Ẹ má fi 27.5 sẹ́yìn fíréèmù tí wọ́n ṣe fún 29 láìjẹ́ pé ó ní flip chip (irin kékeré tẹ́ẹ lè yí láti tún igun fíréèmù ṣe) tàbí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i. BB á wálẹ̀ jù, pẹ́dàlì á sì máa gbá gbogbo òkúta tẹ́ẹ bá bá pàdé. Ẹ bèèrè fífẹ̀ táyà náà, nínú ẹrẹ̀ ìlú ọba yìí, fíréèmù tí ò bá gba 2.4 kí àyè sì ṣẹ́kù, ẹrẹ̀ á dí i pa.

3. Fọ́ọ̀kì. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbí. Èkíní, steerer yín, ìyẹn ọ̀pá òkè fọ́ọ̀kì tó ń wọ head tube, ṣé tapered ni (tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ) àbí èyí tó rí bákan náà látòkè délẹ̀? Fíréèmù òde òní, tapered ni wọ́n ń retí. Èkejì, travel ẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ èyí tó pọ̀ jù tí fíréèmù lè gbà, fọ́ọ̀kì tó fi 10 mm ga jù á sọ head angle kalẹ̀ bí ìdajì degree, tẹ́ẹ bá kọjá ohun tí wọ́n kọ, wáráńtì ti lọ nìyẹn. Ẹ̀kẹta lèyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé pátápátá: bí steerer ṣe gùn tó. Tí wọ́n bá ti gé e fún kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ó lè má tó tuntun. Ẹ ro ó pọ̀ báyìí: head tube 120 mm, headset bíi 20, stem (ohun tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú) 40, àyè fún spacer 10, gbogbo ẹ̀ 190 mm. Tí tiyín bá jẹ́ 170, a jẹ́ pé ẹ máa ra fọ́ọ̀kì tàbí CSU (apá òkè fọ́ọ̀kì pẹ̀lú steerer) tuntun.

4. BB àti kíránkì. BSA 73 mm tó ní okùn skúrù ni mo fẹ́ràn jù, ẹnikẹ́ni lè tú u nílé. Press-fit bíi PF92 náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ihò ẹ̀ ò bá gún dáadáa, á máa ké kíí-kíí títí á fi sú yín. T47 náà ń lo skúrù. Kíránkì yín náà ní ìwọ̀n ọ̀pá tiẹ̀: Shimano 24 mm, SRAM DUB bíi 29 mm, àwọn mìíràn 30 mm. BB tẹ́ẹ máa rà gbọ́dọ̀ bá ihò fíréèmù mu níta, kó sì bá ọ̀pá kíránkì mu nínú.

5. Dropper. Bó ṣe fẹ̀ tó ní mm: 30.9, 31.6 tàbí 34.9. Ti 30.9 lè wọ fíréèmù 31.6 tẹ́ẹ bá ra shim (òrùka tẹ́ẹrẹ́ tó ń dí àyè) sí i. Ti 31.6 ò lè wọ 30.9 láéláé.

6. Hanger, irin kékeré tí derailleur ẹ̀yìn so mọ́. Ẹ wá fíréèmù tó ní UDH (Universal Derailleur Hanger, èyí tó bá ọ̀pọ̀ fíréèmù mu). Látọdún 2019 ló ti jáde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ń lò ó, ìyẹn ni pé tí hanger bá tẹ̀, ẹ máa rí òmíràn rà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí dípò kẹ́ẹ máa wá hanger tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe. Ẹni tó bá sì ń ronú àti lo SRAM Transmission (gíà tó ń so mọ́ fíréèmù tààrà) lọ́jọ́ iwájú, láìsí UDH kò lè ṣeé ṣe rárá.

7. Búréèkì. Tí fíréèmù bá jẹ́ post mount 180 (ojú ibi tí búréèkì ń dè mọ́, tí wọ́n ṣe fún rotor 180), rotor 160 tẹ́ẹ ní ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Àdábítọ̀ ń mú rotor tóbi sí i ni, kì í dín in kù.

8. Kébù. Tó bá ń gba inú headset kọjá, ẹ rò ó dáadáa, torí ọjọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bíárìn òkè headset, ẹ lè ní láti tú hose búréèkì. Èmi ò lè rà á, ṣùgbọ́n àwọn kan ò rí i bíi wàhálà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn

Nọ́ńbà méjì ló wà lára ṣọ́ọ̀kù: gígùn ẹ̀ àti stroke, ìyẹn bí ọ̀pá ẹ̀ ṣe ń wọlé tó. Ti metric (òṣùwọ̀n òde òní) máa ń jẹ́ bíi 210x55 tàbí 230x65, ti trunnion (èyí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀tù dè láti ẹ̀gbẹ́) bíi 185x55, ti àtijọ́ bíi 200x57 tàbí 216x63. Ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì, kódà kó jọ pé ìyàtọ̀ ò ju 10 mm lọ. Tẹ́ẹ bá rí fíréèmù tí wọ́n ń tà láìsí ṣọ́ọ̀kù, ẹ bèèrè ìwọ̀n yìí, ẹ tún bèèrè fífẹ̀ ojú bọ́ọ̀tù ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lọ wo iye tí ṣọ́ọ̀kù yẹn jẹ́ kẹ́ẹ tó sanwó fíréèmù. Àwọn Specialized àtijọ́ kan ní yoke (irin tó so ṣọ́ọ̀kù mọ́ apá ẹ̀yìn) tiwọn tí kì í gba gbogbo ṣọ́ọ̀kù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìṣirò tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó sanra: ẹ fi stroke pín travel. Fíréèmù 150 mm tó ní stroke 60, 2.5 nìyẹn. Fíréèmù 160 tó ní stroke 55, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ máa fún sínú ṣọ́ọ̀kù ṣe máa pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ní ibi tó gbà dé, wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Tẹ́ẹ bá ti ju 100 kg lọ, ẹ wá èyí tó wà nísàlẹ̀ 2.6, ara á tù yín.

Ṣé coil (sípíríǹgì) àbí air (afẹ́fẹ́)? Air fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pọ́ọ̀ǹpù lásán lẹ fi ń tún un ṣe. Coil dùn lórí òkúta kéékèèké, àmọ́ fíréèmù tí kì í le sí i bó ṣe ń wọlé lọ, coil á máa gbá ìdí mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ bóyá wọ́n gba coil láyè.

Ìgbésẹ̀ 5: Orúkọ linkage, ẹ má sọ ọ́ dogun

Linkage ni àwọn apá tó so wíìlì ẹ̀yìn mọ́ fíréèmù, pivot sì ni oríkèé tí wọ́n ti ń yí. Single pivot, Horst link, VPP ti Santa Cruz, DW-link, Maestro ti Giant, ABP ti Trek. Àwọn èèyàn lè fi gbogbo òru jiyàn lórí èyí. Ohun tó kan yín ò ju méjì lọ. Single pivot ní bíárìn díẹ̀, ó rọrùn láti tọ́jú nínú ẹrẹ̀, àmọ́ búréèkì ẹ̀yìn máa ń mú un le díẹ̀ tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú òkúta. Àwọn tó ní link púpọ̀ ń gun òkè dáadáa, ilẹ̀ ń dùn lábẹ́ wọn, àmọ́ bíárìn wọn lè tó mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ máa pààrọ̀ lọ́jọ́ kan. High pivot (oríkèé ẹ̀ wà lókè) tó ní idler (wíìlì kékeré tó ń darí ṣéènì), ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ṣáá ló bá mu. Ká kọjá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Alumíníọ́mù, carbon, irin

Tó bá jẹ́ full suss àkọ́kọ́ yín, ẹ ra alumíníọ́mù. Tó bá tẹ̀, ẹ máa rí i, kò wọ́n, ìyàtọ̀ kìlò kan ò ní dá yín dúró ní Cannock. Carbon fúyẹ́, ó sì lágbára, wọ́n sì ń tún un ṣe tó bá sán, ṣùgbọ́n ti àlòkù lọ́wọ́ ẹni tẹ́ẹ ò mọ̀, ẹ ṣọ́ra. Irin náà wà, Cotic ní Peak District àti Starling ní Bristol ń fi irin ṣe full suss, ó wúwo díẹ̀ àmọ́ àwọn tó ń gùn ún kì í fẹ́ kúrò lórí ẹ̀.

Àwọn carbon tí ò lórúkọ tí wọ́n ń tà tààrà láti Ṣáínà, mi ò ní sọ pé kẹ́ẹ má rà á. Àmọ́ ẹ bèèrè: irú hanger wo ni, nọ́ńbà bíárìn wo ni, ta ló máa dáhùn tó bá sán? Ẹ tún ro VAT 20% mọ́ ọn àti owó tí àwọn agbéẹrù máa gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 7: Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí

Ẹ lọ ní ojúmọmọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun, sípánà Allen, àti pọ́ọ̀ǹpù ṣọ́ọ̀kù dání. Tí ẹni tó ń tà á bá ti ń kánjú, "ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á ní aago mẹ́ta", kó máa tà á fún ẹlòmíràn náà.

1. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ nísàlẹ̀ BB. Tí wọ́n bá ti fi nǹkan ha á kúrò, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Tó bá wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, ibi tí wọ́n ń forúkọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìlú ọba, bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i.
2. Ẹ fi aṣọ nu gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin: ẹ̀yìn head tube nísàlẹ̀, ibi tí top tube ti kan seat tube, ojú ibi tí ṣọ́ọ̀kù ti so mọ́ fíréèmù, ẹ̀gbẹ́ pivot ńlá, àti chainstay (apá tó lọ sí wíìlì ẹ̀yìn) lápá ibi tí ṣéènì wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Ìlà tẹ́ẹrẹ́ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tẹ́ẹ nù ún, tí ìdọ̀tí dúdú sì há sínú ẹ̀, ẹ fi èékánná fà á kọjá. Tí èékánná bá kọ́, ó lè jẹ́ pé irin ló ń là, kì í ṣe ọ̀dà lásán. Èyí tó tẹ̀ lé ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló burú jù.
3. Tó bá jẹ́ carbon, ẹ fi owó ẹyọ kàn án díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ohùn tó ń dún gan-an tó wá ṣàdédé di pòkì níbì kan, ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́, ibi tí carbon nípọn sí tàbí tí rábà wà lábẹ́ ẹ̀ náà máa ń yí ohùn padà.
4. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti to kẹ̀kẹ́ náà tán, ẹ gbá ìjókòó mú, ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀ kẹ́ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan bọ́ọ̀tù ṣọ́ọ̀kù. Tẹ́ẹ bá gbọ́ tó ń gbá tó-tó lábẹ́ ìka, bushing ṣọ́ọ̀kù ti jẹ, ìyẹn ò wọ́n. Ẹ wá di wíìlì ẹ̀yìn mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tí rocker (apá tó ń ti ṣọ́ọ̀kù) tàbí pivot ńlá bá ń mì, bíárìn ni, tàbí kó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò tí bíárìn jókòó sí nínú fíréèmù ti fẹ̀. Bíárìn ṣeé pààrọ̀, ihò tó ti fẹ̀ ò lójútùú tó dáa.
5. Ẹ tú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀kù dànù pátápátá, kẹ́ẹ tẹ ẹ̀yìn wọlé títí dé ìdí. Ó gbọ́dọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Tó bá ń há tàbí ń ké, pivot ti gbẹ. Ẹ wò ó bóyá táyà ń kan seat tube tó bá dé ìdí. Ẹ fún un padà, ẹ wo ara ọ̀pá ẹ̀ bóyá ó ti ha tàbí epo ń yọ.
6. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n ṣe sáfíìsì ṣọ́ọ̀kù gbẹ̀yìn. RockShox ní kí wọ́n máa tú air can ní wákàtí 50, inú ẹ̀ ní wákàtí 200. Fox ní wákàtí 125 tàbí ọdún kan. Ẹni tó bá ní "kò nílò ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́", ẹ yọ owó sáfíìsì kúrò nínú iye tẹ́ẹ máa san.
7. Wáráńtì ọ̀pọ̀ fíréèmù, ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ló ni ín. "Lifetime warranty" tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe tiyín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kẹ́ẹ ra size tó tóbi torí pé òun ló kù nínú sale. Ìdí tí wọ́n fi já a wálẹ̀ nìyẹn, kò bá ẹnikẹ́ni mu.
- Kẹ́ẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù 210x50 sí 210x55 kí travel lè pọ̀. Gígùn wọn dọ́gba lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣe lórí fíréèmù tí ilé iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, àmọ́ lórí òmíràn táyà á gbá seat tube, tàbí kí link gbá fíréèmù.
- Kẹ́ẹ gbàgbé pé axle ẹ̀yìn àti hanger yẹ kó bá fíréèmù wá. Ẹ bèèrè, torí axle tí ò wọ́pọ̀ lè gba £50 lọ́wọ́ yín.
- Kẹ́ẹ fi ìwọ̀n kìlò dájọ́ fíréèmù méjì nígbà tí wọ́n wọn ọ̀kan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù, tí wọ́n wọn èkejì láìsí.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn

Ẹ ra odidi kẹ̀kẹ́ àlòkù. Lọ́pọ̀ ìgbà, odidi kẹ̀kẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta máa ń dín owó ju fíréèmù lásán pẹ̀lú pááàtì tẹ́ẹ máa tò sí i lọ, ẹ sì lè ta èyí tẹ́ẹ ò fẹ́ lára ẹ̀. Fíréèmù tuntun ti ọdún tó kọjá náà dáa, geometry kì í yí padà lọ́dọọdún. Ẹni tó sì jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́jú ló ń gùn, hardtail (kẹ̀kẹ́ tí ò ní ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn) tó ní fọ́ọ̀kì gidi á dùn mọ́ ọn ju full suss olówó pọ́ọ́kú lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tẹ́ẹ wá gbọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà relé, ẹ yan èyí tó ní BSA, UDH àti ṣọ́ọ̀kù tó wọ́pọ̀, kẹ́ẹ ra seal kit, hanger méjì àti odidi bíárìn pivot kan dání látibí. Nọ́ńbà bíárìn wà lára ẹ̀, bíi 6902 tàbí 6900. Ẹ wá irú tí wọ́n kọ MAX sí, bọ́ọ̀lù ló kún inú ẹ̀ láìsí kéèjì, òun ló yẹ pivot torí pivot kì í yí poo, ṣe ló kàn ń mì síwá sẹ́yìn.

Nígbà tí fíréèmù bá dé

1. Ẹ ya fọ́tò páálí kẹ́ẹ tó ṣí i, ẹ tún ya fíréèmù kẹ́ẹ tó to nǹkan kan sí i. Tí ẹ bá ti to pááàtì sí i, àwọn kan ò ní gbà á padà mọ́.
2. Ẹ tú bọ́ọ̀tù pivot lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bóyá gírísì wà, ẹ dè é padà pẹ̀lú torque wrench bí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ ṣe wí. Èyí tó nílò threadlocker (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tù tú), ẹ kán díẹ̀ sí i.
3. Ẹ lẹ nylon ìdáàbòbò mọ́ abẹ́ down tube àti chainstay kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
4. Sag, ìyẹn bí ṣọ́ọ̀kù ṣe rì tó lábẹ́ ìwọ̀n yín: ẹ wọ gbogbo ohun tẹ́ẹ máa ń wọ̀, ẹ dúró lórí pẹ́dàlì, ẹ sún O-ring (òrùka rọ́bà ara ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù) kan ìdí ṣọ́ọ̀kù, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ láìmi kẹ̀kẹ́, ẹ wọn ibi tó dé. Fún trail, 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún stroke. Tí stroke bá jẹ́ 55 mm, O-ring yẹ kó dúró láàárín 14 sí 16.5 mm. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fún un sí i, tí ò bá dé ibẹ̀, ẹ dín in kù ní 5 psi, 5 psi.
5. Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fi torque wrench bá gbogbo bọ́ọ̀tù pivot wí, pàápàá ti rocker, òun ló máa ń kọ́kọ́ tú.